Báwo la ṣe ń wọn bí ilé aláìsàn ṣe jìnnà sí ọsibítù? Kádì 412 wà níwájú mi

Ìyá Kádì — Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ kan já lé mi léjìká, ẹ bá mi gbé e. Yàrá kádì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba kan lágbègbè Òkè-Ògún. Dókítà wa àgbà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí ilé àwọn tó wá bímọ lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá ṣe jìnnà tó, kí àwọn lè fi tọrọ ọkọ̀ tí yóò máa gbé aláìsàn lọ́wọ́ ìjọba. Kádì 412 ni mo kó jọ.

Mo wá ṣí Google Maps lórí fóònù, mo ń fa ìlà láti ọsibítù wa dé ìlú kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe 60. Ojú ń ta mí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i. Àdírẹ́sì tó wà lára kádì kì í ṣe àdírẹ́sì rárá. Ẹ wo mẹ́ta: “Agboolé Alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.” “Abà Bàbá Ìlọrin.” “Lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ìdí ọdán.” Abà Bàbá Ìlọrin tí èmi nìkan mọ̀ tó mẹ́rin! Abúlé míì sì wà tí ìlà yẹn ní kò ju kìlómítà 9 sí wa lọ, bẹ́ẹ̀ odò ló wà láàárín, èèyàn gbọ́dọ̀ yí gba ìlú kejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé kìlómítà ni kí n kọ ni, àbí wákàtí? Láti ibo dé ibo?

Ọmọ Ìsẹ́yìn — Ajé, 8:31
Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Kìlómítà 5 ni wọ́n máa ń lò káàkiri ayé. Ẹni tó bá wà láàárín 5, ó sún mọ́. Ẹni tó bá kọjá 5, ó jìnnà. Ẹ pín kádì sí ọ̀nà méjì, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Ìgbẹ̀bí — Ajé, 8:52
Ọmọ Ìsẹ́yìn, kò parí o. Kìlómítà 5 yẹn jẹ́ nǹkan bí ìrìn wákàtí kan fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n, ibi tí èèyàn ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn ibà. Ẹ wá sọ fún mi, aboyún tó ń rọbí, wákàtí mélòó ni yóò fi rin 5? Èmi ti rí ẹni tó fi gbogbo òru rìn ín. Ó ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Fún ọsibítù tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ọmọ há sí nínú, wákàtí ni kí ẹ wò. Ìgbìmọ̀ tí Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ lágbàáyé gbé e jáde ní 2015 pé kí ó kéré tán 80 nínú 100 èèyàn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè dé irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 2 tó bá fi máa di 2030. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, wákàtí 2 ni àwọn oníṣègùn ń bẹ̀rù lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ kìlómítà.

Túndé Leeds — Ajé, 9:40
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ fa ìlà mọ́, ẹ ó pa ara yín. Ẹ tẹ ìka mọ́ ojú ìlú náà lórí Google Maps, ẹ má tètè gbé e kúrò, nọ́ńbà méjì á yọ: latitude (bí ibẹ̀ ṣe lọ sí àríwá tàbí gúúsù tó) àti longitude (bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó). Ẹ tò wọ́n sínú Excel, ẹ jẹ́ kí òun ṣe ìṣirò. Latitude dígírì 1 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111 níbi gbogbo. Longitude ló ń yí padà. Níbi tí mo wà yìí, 1 kò ju nǹkan bí kìlómítà 66 lọ. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi cosine latitude ibi tí ẹ wà (Excel á ṣírò rẹ̀ fún yín) sọ ti longitude di púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo iṣẹ́ yín á wọ́.

Bàbá Awọnlẹ̀ — Ajé, 10:05
Túndé ọmọ mi, ti Leeds lo sọ un, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Òkè-Ògún wà ní nǹkan bí dígírì 8 sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Longitude 1 níbẹ̀ jẹ́ kìlómítà 110. Láàárín 110 àti 111, kí ló wọ́ níbẹ̀? Ẹni tó gbàgbé cosine rẹ kò ní fi ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ ṣìnà.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí wọ́n gbé nọ́ńbà méjèèjì fún ara wọn. Ṣakí jẹ́ nǹkan bí 8.67 àti 3.39. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà kan fi 3.39 ṣáájú. Kọ̀ǹpútà kò bá a jà, kò kígbe, ó kàn gbé Ṣakí lọ sórí erékùṣù Bioko láàárín òkun, ibi tí àwọn bàbá wa ń pè ní Fẹrinándò Pó. Ṣakí sí Ìbàdàn, tí ìlà tààrà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 150 kìlómítà, ti sún mọ́ 700. A kọ ọ́ sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, a fẹ́ fi ránṣẹ́! Ọlọ́run ló ní ká tún un wò. Ìyá Kádì, tí nọ́ńbà bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀ kí ẹ fi ojú rí i. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ QGIS ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì fún yín ní máàpù àtijọ́ tí wọ́n fi ìwọ̀n Minna ṣe, ìyẹn ìwọ̀n tí àwa awọnlẹ̀ Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ nọ́ńbà GPS. Ó lè yẹ̀ ju mítà 100 lọ. Kò ṣe nǹkan kan fún abúlé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé sí ilé lẹ ń wọ̀n, ó ti gbé yín sọdá títì nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìgbẹ̀bí — Ajé, 10:11
Ẹ̀yin ọkùnrin, cosine lẹ ń jà lé lórí láti àárọ̀. Ó ní odò wà láàárín o!

Túndé Leeds — Ajé, 10:26
Ẹ má bínú mà 😀. Odò náà ní oògùn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ OSRM, ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti yà sínú OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí ìtàkùn, ló ń tọ̀, kì í fò. Ẹ fún un ní ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ, á fún yín ní kìlómítà ojú ọ̀nà àti ìṣẹ́jú. Ti Google náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó tó bá ti pọ̀ jù.

Ọmọ Olómi — Ajé, 12:48 ọ̀sán
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní Oǹdó. Ètò tó ń tọ ojú ọ̀nà yẹn, mo ti gbé e wò nígbà tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi àbúlé tó wà lórí omi sínú rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe ni pé á wá títì tó sún mọ́ ọn jù, á gbé àbúlé yín jókòó sórí rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ibẹ̀. Gbogbo ọ̀nà omi kò sí nínú ìṣirò. Àbúlé kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gba wákàtí kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní Igbókòdá, kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú 11 ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì korò.

Lórí omi, ohun mẹ́ta ló ń yí wákàtí padà: ṣé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ni àbí àjẹ̀ lẹ ń fi wà á, ṣé ewéko ojú omi ti dí ọ̀nà, ṣé ọ̀sán ni àbí òru. Bẹntiróò sì wà níbẹ̀. Mo mọ ìdílé tó ní ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ṣì wà àjẹ̀ gbé aboyún nítorí pé bẹntiróò kò sí nílé lóru ọjọ́ náà. Kí lẹ máa kọ síbẹ̀?

Bàbá Awọnlẹ̀ — Ajé, 1:20
Ọmọ Olómi, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ AccessMod ló yẹ kí ẹ lò. Ti WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ni, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń gé ilẹ̀ sí ègé kéékèèké, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé: nínú igbó, ẹsẹ̀ ni, kìlómítà 2 ní wákàtí kan, lórí ọ̀nà oko, ọ̀kadà, 15, lórí títì ọlọ́dà, mọ́tò, 50. Odò ńlá jẹ́ ògiri àfi níbi tí afárá bá wà. Tó bá jẹ́ odò tí wọ́n ń wọkọ̀ lórí rẹ̀, ẹ kọ ìyára ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹ lè ṣe ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ́tọ̀, ti òjò lọ́tọ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn — Ajé, 1:34
Bàbá, ta ló fún yín ní 15 àti 50 yẹn?

Bàbá Awọnlẹ̀ — Ajé, 1:41
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Àwọn olùwádìí ló máa ń jókòó sí ọ́fíìsì fún ara wọn ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń lọ sí gáréèjì. Mo máa ń bi àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta tí kò sí nítòsí ara wọn, “Láti ibí dé ibi báyìí, wákàtí mélòó?” Ẹ má bi wọ́n ní kìlómítà, irọ́ ni wọn yóò pa, kì í sì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń gbà náà. Owó kì í parọ́ ọ̀nà tí kò dáa.

Ará Kétu — Ajé, 3:02
Mo kí gbogbo ilé láti Benin níbí. Mo fẹ́ fi nǹkan méjì kún un. Èkíní, ètò kọ̀ǹpútà máa ń rí bodè bí ògiri, tàbí kí wọ́n kó ọsibítù orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Àwa tí a wà létí bodè, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wa là ń lọ, ọ̀kadà á gbé wa gba ọ̀nà oko, a kì í bèèrè àsíá tó wà lórí rẹ̀. Ìyá Kádì, tí aboyún yín kan bá ti Benin wá, ẹ má yọ ọ́ kúrò nítorí pé àdírẹ́sì rẹ̀ “kò bá ìpínlẹ̀ mu”.

Èkejì, ọjọ́ ọjà. Lábúlé ìyá mi, ọjọ́ ọjà nìkan ni mọ́tò máa ń wọ̀ ọ́. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà. Torí náà ọ̀nà kan náà jẹ́ ìṣẹ́jú 40 lónìí, ó sì di ìdajì ọjọ́ lọ́la. Ẹ béèrè ọjọ́ tó wá.

Àgbà Ìbàràpá — Ajé, 9:17 alẹ́
Ẹ kú alẹ́. Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Ìyá Kádì, àwọn 412 yẹn, àwọn tó dé ni. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù lọ kò sí lára kádì yín. Ó bímọ sílé, tàbí lọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, tàbí kó kú sójú ọ̀nà. Tí ẹ bá fi kádì nìkan ṣe ìṣirò, ẹ lè gbé ìwé lọ síwájú ìjọba tó sọ pé àwọn aboyún yín kò jìnnà sí ọsibítù, kí wọ́n sì ní kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó orúkọ gbogbo abúlé àti abà tó wà lágbègbè yín jọ, kí ẹ tó wá wo èyí tí kádì ti wá. Abà tí kò ní kádì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo: àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ní àkọsílẹ̀ abúlé lọ́wọ́. Nígbà tí a ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, a kò fi abà kan sílẹ̀, ilé dé ilé la fi ń sàmì sí ara ògiri. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n kéde ní 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ oríṣi àrùn náà tí wọ́n ń pè ní “wild polio” náà nìyẹn. Abà Bàbá Ìlọrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín yóò wà nínú ìwé wọn, pẹ̀lú orúkọ baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera Ìbàràpá ní 1963, inú ìlú ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Èmi náà kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ tí ìwé kankan kò kọ́ mi ni pé Yorùbá ní ilé méjì. Ẹ bi í, “Níbo lẹ̀ ń gbé?” Ilé ìlú ló máa dárúkọ fún yín, agboolé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ló ń sùn láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọ ebè títí wọ́n á fi kórè. Òun àti ilé tó wà lórí kádì yín lè má fojú kan ara wọn fún oṣù mẹ́ta.

Kẹ́yìn pátápátá: ọ̀nà nìkan kọ́ ni ìdádúró. Àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ọ́ ní 1994 pé mẹ́ta ni: kí wọ́n tó pinnu nílé, kí wọ́n tó dé, kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tó bá dé. Ẹni tí ó dé láàárín ìṣẹ́jú 20 tí kò bá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ó ṣì jìnnà.

Nọ́ọ̀sì Ìgbẹ̀bí — Ajé, 9:33
Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ti ìdádúró kejì yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ètò aboyún tí wọ́n pè ní Abíyè. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́re ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wọ́n fún aboyún ní fóònù kó lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn fún un. Ilé kò sún mọ́ ọsibítù sí i, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n ń fi wá ẹni tí wọ́n máa ké sí ti dín kù.

Ṣùgbọ́n mo ní àríyànjiyàn kan pẹ̀lú yín, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ ní kí ó máa wá gbogbo abà kiri. Òun nìkan ló wà ní yàrá kádì o! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà Ìbàràpá — Ajé, 9:50
Mo gbà. Kó ṣe é, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé náà pé “àwọn tó dé nìkan”.

Kékeré Oníṣirò — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Nǹkan kékeré kan: ẹ má kọ́kọ́ ṣe àròpọ̀ kí ẹ wá fi iye èèyàn pín in. Ká ní aboyún márùn-ún wá láti kìlómítà 2, 3, 3, 4 àti 61. Tí ẹ bá pín in, 14.6 lẹ máa rí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wá láti 14! Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ẹni tó wà láàárín: 3. Ẹ wá kọ iye àwọn tó kọjá wákàtí 2 sọ́tọ̀, torí pé ẹni 61 yẹn gan-an lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ gba ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbé orúkọ àti agboolé aláìsàn lọ sórí ìtàkùn kankan láti wá nọ́ńbà rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára èyí tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú. Orúkọ abúlé tó. Ẹ fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ lórí kádì.

Ọmọ Ìsẹ́yìn — Ìṣẹ́gun, 7:40
Mo ti gba ọ̀rọ̀ 5 mi padà o, ẹ má lù mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: ọsibítù wo la ń wọ̀n dé? Lábúlé tiwa, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan wà tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú 10. Tó bá ti di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ sí ìlú.

Túndé Leeds — Ìṣẹ́gun, 8:15
Kókó nìyẹn! Ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi ojú wò ó pé ibi tó sún mọ́ ni gbogbo èèyàn ń lọ. Kí Ìyá Kádì wọn méjì: dé ibi tó sún mọ́ jù, àti dé ibi tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kí dókítà fi han ìjọba. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 nínú Lancet Global Health wo ọsibítù ìjọba nìkan ní ìhà gúúsù Sàhárà, wọ́n rí i pé nǹkan bí 29 nínú 100 èèyàn ni ọ̀nà wọn ju wákàtí 2 lọ.

Ọmọ Olómi — Ìṣẹ́gun, 8:22
Ti kọ̀ǹpútà nìyẹn o. Ti àjẹ̀ ńkọ́? 😀

Ìyá Kádì — Ọjọ́bọ̀, 4:36 ìrọ̀lẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀mí yín jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan AccessMod, kọ̀ǹpútà wa ń fẹ́ ìsinmi. Ohun tí mo ṣe ni pé lónìí tí aboyún wá gba ìtọ́jú, mo gbé àga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọn ìwúwo wọn. Ìbéèrè márùn-ún péré: Níbo lẹ sùn mọ́jú? Aago mélòó lẹ jáde nílé? Kí lẹ wọ̀ wá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ sọ̀ kalẹ̀? Èló lẹ san? Tó bá jẹ́ òru, ta lẹ máa pè?

Èèyàn 23 ló dá mi lóhùn. Mo wá yọ kádì wọn láti fi wò ó. Mẹ́sàn-án ni ibi tí wọ́n sùn mọ́jú kò bá ti kádì mu. Ọ̀kan wà, Agboolé Alágbẹ̀dẹ yẹn gan-an ló wà lára kádì rẹ̀. Láti ẹnu géètì wa, ẹ lè rí mọ́ṣáláṣí náà. Mo bi í pé aago mélòó ló jáde nílé. Ó ní àkùkọ àkọ́kọ́ ni. Mo ní, “Láti agboolé yìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ pupa gbẹ mọ́ ọn dé kókósẹ̀. “Ìyá mi ló ń gbébẹ̀, mà. Oko ni mo ti ń bọ̀.” Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé odò, ó dúró de ẹni tó máa bá a di ọwọ́ mú sọdá, ó wá wọ ọ̀kadà. Nígbà tí mo wo aago, 10:20.

Nínú 60 tí mo fi ìlà wọ̀n, mítà 600 ni mo kọ sí iwájú kádì tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìgbẹ̀bí — Ọjọ́bọ̀, 4:51
Ìbéèrè karùn-ún yẹn ńkọ́? Ta ló ní òun máa pè?

Ìyá Kádì — Ọjọ́bọ̀, 4:58
Ó ní fóònù wà lọ́wọ́ ọkọ òun, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gun orí àpáta kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ̀kì. Mo ti fi kún ìbéèrè: “Ẹ ń rí nẹ́tíwọ̀kì nílé?” Wọ́n ti di mẹ́fà báyìí.

Àgbà Ìbàràpá — Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́
Ẹ béèrè orúkọ oko náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bímọ. Kí ẹ sì bèèrè iye aboyún míì tó wà níbẹ̀.

Ìyá Kádì — Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀
Mo ti béèrè sà. Mẹ́rin. Kò sí kádì ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá àjẹsára ìjọba ìbílẹ̀ ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, ìwé àwọn abà wà lọ́wọ́ àwọn. Màá mú ìwé àkọsílẹ̀ tèmi náà dání.